Ẹ̀wù Mẹ́rìnlá fún Iṣẹ́ Kan

"Ìyá, ẹ má bínú o, àbí ìdí yín kì í gbé ìjókòó ni?" Atẹ̀wé gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Oṣù mọ́kànlá níbí, oṣù mọ́kànlá lọ́hùn-ún. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rìnlá! Ẹ̀yin nìkan ṣoṣo!"

Ìyá Ọṣẹ bojú wo ìdí ara rẹ̀. Ó ti gba bẹ́ǹṣì tán. Àwọn oníbàárà méjì tó yẹ kó jókòó tì í ló fara ti ògiri.

"Ìdí èmi ni kì í gbé ìjókòó? Èyí tó o rí yìí? Ọmọ mi, bí èyí bá jókòó síbì kan, kátápílà ló máa gbé e kúrò."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, pàápàá ojú òsì tí nǹkan funfun bí èéfín ti ń bò láti ọdún tó kọjá. Ó fi etí ìró nù ún, ó wá na ìka síta, sí ọsibítù tó wà ní òdìkejì títì.

"Ṣé o rí ilé tí ooru ń rú jáde lẹ́yìn rẹ̀ yẹn? Ilé ìfọṣọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn, ọdún kẹtàlá rèé. N ò ṣí kúrò níbẹ̀ rí. Orúkọ ló ń ṣí lórí mi."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọsibítù kì í gba alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ló gbé iṣẹ́ náà fún, Agbaṣẹ́ṣe ló sì ń gba àwọn tó ń fọ̀, àwọn tó ń sá, àwọn tó ń lọ̀. Òfin sọ pé ẹni tó bá ti pé ọdún kan lábẹ́ ọ̀gá kan ti di òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ọ̀gá náà kò gbọdọ̀ lé e dànù bí ẹni lé adìẹ, ó sì gbọ́dọ̀ máa fi nǹkan pamọ́ dè é di ọjọ́ ogbó. Agbaṣẹ́ṣe mọ òfin yìí ju ẹni tó ṣe é lọ. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá ti pé oṣù mọ́kànlá, yóò kú. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé iṣẹ́ ti parí, kí oníkálukú máa lọ ní àlàáfíà. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ilé-iṣẹ́ mìíràn ti dé, pẹ̀lú orúkọ tuntun àti ẹ̀wù aláwọ̀ tuntun. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan náà, apẹ̀rẹ̀ kan náà, Agbaṣẹ́ṣe kan náà. Kí wọ́n sì tó gba ènìyàn padà, ó gbọ́dọ̀ mú síífíì wá, ìwé tó ń ròyìn gbogbo ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di àná. Bí ìlà kan bá sọnù, wọn á dá a padà.

Ìwé tó bẹ̀rẹ̀ ní ojú kan ti di ojú mẹ́rin. Inú àpòòwé ńlá tí wọ́n fi ń kó fọ́tò egungun aláìsàn ni Ìyá Ọṣẹ ń tọ́jú rẹ̀ sí, kò sì sí ọdún tí kò rí nǹkan he nínú rẹ̀. Lọ́dún kan, atẹ̀wé kan kọ "akọ" síbi tó yẹ kó kọ "abo"; oṣù mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni nínú lẹ́tà. Ìyá Ọṣẹ ní kò burú, ó ní láti ọjọ́ tí bàbá àwọn ọmọ òun ti kú lòun ti ń ṣe ọ̀gbẹ́ni, ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ ni. Lọ́dún mìíràn, òmíràn gbàgbé ilé-iṣẹ́ kẹfà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dá a dúró síta géètì, wọ́n ní kó ṣàlàyé ibi tó wà ní gbogbo oṣù mọ́kànlá yẹn. Ó ní, "Ẹ wo aṣọ tó wà lórí ibùsùn àwọn aláìsàn yín. Ibẹ̀ ni mo wà."

Ṣùgbọ́n síífíì ti òní kì í ṣe ti Agbaṣẹ́ṣe. Ọsibítù fúnra rẹ̀ ló ń wá Olórí Ilé Ìfọṣọ, iṣẹ́ gidi, èyí tí kì í kú lóṣù kọkànlá. Ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta kò gbọdọ̀ kọ̀wé sí i, oṣù mẹ́ta péré ló sì kù kí Ìyá Ọṣẹ pé e. Ojú rẹ̀ ló ń lé e. Dókítà ojú ti sọ fún un pé bí wọn ò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, òsì máa fọ́, èéfín náà sì ti ń yọjú lọ́tùn-ún.

"Iṣẹ́ kékeré ni," dókítà ti wí. "Òṣìṣẹ́ ọsibítù kì í sanwó fún un. Ṣé òṣìṣẹ́ wa ni yín?"

"Dókítà, aṣọ funfun tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn, èmi ni mo fọ̀ ọ́."

"Mo mọ̀, Ìyá. Ṣé òṣìṣẹ́ wa ni yín?"

Atẹ̀wé ka ìwé ìkéde náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mi orí. "'Ọdún mẹ́wàá láìdúró, lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo.' Ìyá, ohun tí ìwé yín ń wí ni pé wọ́n ti lé yín níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹtàlá. Ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, ká fún un lórúkọ kan."

"Kí n purọ́?"

"Ìyá, èyí tó wà ńbẹ̀ yẹn gan-an ni irọ́."

Ìyá Ọṣẹ gbọ́wọ́ lé orúnkún, ó dìde, bẹ́ǹṣì náà sì mí kanlẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Mo ní ẹlẹ́rìí nílé."

Inú àpò ọṣẹ ni àwọn ẹlẹ́rìí náà wà. Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó gbé àpò náà rù, ó wọ yàrá kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ bí ẹni ń bínú. Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó: Akọ̀wé Àgbà ọsibítù, tó jẹ́ obìnrin tó so awò ojú kọ́rùn; ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa mi orí lọ, àti Agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀. Wọ́n ní òun ló mọ̀ nípa ìfọṣọ.

Àga tí wọ́n fún Ìyá Ọṣẹ ké bó ṣe jókòó sórí rẹ̀. "Ẹ má dá a lóhùn," ó ní, "ó ń bá mi kí yín ni." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Màmá," Akọ̀wé Àgbà wí, "ilé-iṣẹ́ mẹ́rìnlá. Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í pẹ́ níbì kankan?"

Ìyá Ọṣẹ tú àpò. Ó tẹ́ ẹ̀wù àkọ́kọ́ sórí tábìlì, pupa. Ó tẹ́ ìkejì lé e, aláwọ̀ ewé. Ó ń tẹ́ wọn lọ bẹ́ẹ̀, títí ìkẹtàlá fi bo ife omi Akọ̀wé Àgbà mọ́lẹ̀.

"Èyí tó wà lọ́rùn mi yìí ni ìkẹrìnlá. Ẹ má wo orúkọ tó wà lẹ́yìn wọn o. Ẹ wo èjìká ọ̀tún. Ojú ibì kan náà ni gbogbo wọn ti gbó, nítorí ibẹ̀ ni mò ń gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù lé. Apẹ̀rẹ̀ kan, èjìká kan, ọdún kẹtàlá. Wọ́n ní ọ̀gá mẹ́rìnlá ni mo sìn; ọ̀gá kan ṣoṣo náà nìyí, ó jókòó síbí, ẹ bi í."

Ọkùnrin tó ń mi orí kò mi ín mọ́. Akọ̀wé Àgbà fọwọ́ kan èjìká ẹ̀wù kan, ó fọwọ́ kan ti òmíràn. Ìyá Ọṣẹ rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e.

Agbaṣẹ́ṣe mú ẹ̀wù pupa, ó yí ọrùn rẹ̀ síta, ó rọra ka ohun tí wọ́n rán mọ́ ọn. "'Ohun ìní ilé-iṣẹ́. Ẹ dá a padà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí.' Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ kó ẹ̀wù wa lọ sílé?"

"Ẹnikẹ́ni ò bèèrè wọn, ọ̀gá."

"Ó wà nínú ìwé tẹ́ ẹ buwọ́ lù. Ẹ̀wù mẹ́tàlá! Tiwa ni gbogbo wọn."

"Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá!" Kíá ni Ìyá Ọṣẹ yíjú sí Akọ̀wé Àgbà. "Ẹ ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní tiwọn ni gbogbo wọn. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni wọ́n nìyẹn!"

Akọ̀wé Àgbà wo Agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe wò ó padà, ó sì fi ọwọ́ tún tábìlì ṣe níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Obìnrin náà gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó mú báírò. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé wọ́n bá ẹ̀wù mẹ́tàlá lọ́wọ́ Ìyá Ọṣẹ.

Kó tó di ọ̀sán, lẹ́tà ìyọniníṣẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, tí òun náà ti pààrọ̀ ẹ̀wù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ní wọ́n ti pàṣẹ pé kí Ìyá bọ́ ìkẹrìnlá sílẹ̀ kó tó jáde. Ìyá Ọṣẹ tú ìró, ó so ó mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ ẹ̀wù náà lábẹ́ rẹ̀.

"Yíjú sẹ́yìn jàre, ọmọ mi. Ohun tó kù níbí, o ti pẹ́ kó o tó dé."

Ẹ̀ṣọ́ yíjú sẹ́yìn. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ló ń rín.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ìyá Ọṣẹ pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ojú òsì fọ́. Ilé-iṣẹ́ kẹrìnlá náà pé oṣù mọ́kànlá, ó kú. Lọ́jọ́ tó kú gan-an ni Alọṣọ, obìnrin tó ń lọ ohun tí Ìyá Ọṣẹ bá fọ̀, wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Wọ́n ń gba ènìyàn."

"Èmi olè?"

"Ilé-iṣẹ́ tó pè yín lólè ti kú, ẹ̀gbọ́n. Òkú ò lè jẹ́rìí. Ọmọge kan ló ń gba fọ́ọ̀mù lójú fèrèsé, kò mọ ẹnì kankan. Síífíì nìkan ló ń wò."

Wọ́n jọ lọ bá Atẹ̀wé. Ó wo ojú mẹ́rin ìwé náà títí. "Ìyá, bí wọ́n bá rí ìkẹrìnlá, wọn á bèèrè ìdí tẹ́ ẹ fi kúrò kó tó pé. Bí mo bá yọ ọ́, wọn á bèèrè ibi tẹ́ ẹ wà. Bí mo bá fi mẹ́tàlá sílẹ̀..." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. "Àfi ká nu gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ wọlé bí ẹni tuntun."

"Nù ún."

Atẹ̀wé tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀. Àwọn ìlà náà ń wọlé lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọn ò pariwo. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ "Ìrírí iṣẹ́" sí, kò wo ojú Ìyá Ọṣẹ. Ó tẹ̀ ẹ́: Kò sí.

Ìwé náà padà di ojú kan. Ìyá Ọṣẹ gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún.

"Ó mọ́," ó ní. "Èmi náà ò lè fọ̀ ọ́ kó mọ́ tó báyìí."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò ó, wọ́n gbé ẹ̀rín náà mì.

Ọjọ́ Ajé tí Ìyá Ọṣẹ wọṣẹ́ ni Olórí Ilé Ìfọṣọ tí ọsibítù gbà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Agbaṣẹ́ṣe ni, ó ti jókòó ti tẹlifóònù ní ọ́fíìsì rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá láìdúró, lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ó to àwọn òṣìṣẹ́ tuntun síwájú òkìtì aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ṣì tutù lára wọn.

"Omi gbígbóná lẹ máa dà lé e," ó ní. "Kó hó dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ò tó omi gbígbóná í kojú."

Ẹnu Ìyá Ọṣẹ là kó tó mọ̀. Obìnrin tó bá ti rí nǹkan oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré mọ̀ pé omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá gbóná á sè é mọ́ aṣọ lára ni, títí aṣọ á fi gbó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá? Ṣé ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ni?" Ó ti ṣí fáìlì ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka wá orúkọ.

Alọṣọ gbójú sílẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rárá, ọ̀gá," Ìyá Ọṣẹ wí. "N ò ṣe é rí."

Ó da omi náà lé e. Ooru bo gbogbo ojú rẹ̀. Nígbà tí ooru náà kúrò, ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti wọ inú òwú, kò sì ní jáde mọ́. Ojú òsì ò rí i. Ojú ọ̀tún rí i. Láti òkè ni nọ́ọ̀sì kan ti ń pariwo pé aláìsàn ti wà nílẹ̀, kí wọ́n tètè gbé aṣọ ibùsùn bọ̀. Ìyá Ọṣẹ fún omi kúrò lára aṣọ náà, ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé èjìká ọ̀tún, níbi tí ẹ̀wù tuntun kò tíì gbó.