Láptọ́ọ̀pù Tí Bọ̀dá Mikail Kò Jẹ́ Kí N Rà

Mo máa ń ṣe fídíò ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ adití ní Festac. Láptọ́ọ̀pù mi ti gbó, ó ń lo wákàtí mẹ́ta kó tó parí fídíò kan ṣoṣo, ni mo bá lọ sí ọjà Trade Fair láti ra tuntun.

Bọ̀dá Mikail tó ń ta kọ̀ǹpútà bi mí pé, "Ṣé o máa ń gbé e jáde?"

"Rárá, ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Ó gbé láptọ́ọ̀pù tuntun kan àti dẹ́sítọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan síwájú mi, ó ní kí n fi fídíò mi dán méjèèjì wò. Láptọ́ọ̀pù ló kọ́kọ́ ṣáájú, àmọ́ nígbà tó gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Dẹ́sítọ́ọ̀pù ti parí kí láptọ́ọ̀pù tó dé ìdajì.

"Orúkọ kan náà ni puróṣẹ́sọ̀ wọn, ìyẹn ọpọlọ wọn, ń jẹ́," bọ̀dá ní, "ti láptọ́ọ̀pù ni ò ráyè mí, ooru há mọ́ ọn nínú. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ, dẹ́sítọ́ọ̀pù á kú. Ṣé o ní ínfátà?"

"Mo ní, sà."

"Má ra láptọ́ọ̀pù tó wọ́n yẹn, jàre."

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo sanwó dẹ́sítọ́ọ̀pù, mo gbé e lọ sílé.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, fídíò mẹ́rin ti parí. Àwọn ọmọ wò ó tán, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń mì í, bí adití ṣe ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Mo fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Mikail, mo sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe. Ó pè mí kíá.

"Èmi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?"

"Ẹ̀yin ni, bọ̀dá. Ẹ ṣé gan-an ni."