Ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Àwòrán

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbi tí ọkùnrin yẹn ti ń rẹ́rìn-ín.”

Oníṣọ́ọ̀bù mí kanlẹ̀, ó tẹ rìmóòtù. Fínnífínní tún tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú tẹlifíṣàn. Irùngbọ̀n òṣèré náà ló ń wò. Àwọn tí wọ́n jọ ń wọn ilẹ̀ níbi iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Fínnífínní, ìyàwó rẹ̀ sì gbà pé wọn ò parọ́ mọ́ ọn.

“Ẹ̀rọ àwo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún yẹn mọ́ ju èyí lọ,” ó ní. “Lórí ìyẹn, èèyàn ń rí irun yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.”

“Dádì wọn, kí lẹ fẹ́ fi irùngbọ̀n ọmọ ọlọ́mọ ṣe?” ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Àwòrán là ń rà, ìyàwó. Àwòrán.”

Ṣọ́ọ̀bù kẹrin nìyí. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ àwo tí wọ́n ń lò nílé ti kọṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò tíì wo fíìmù kankan, torí pé Fínnífínní ò lè ra nǹkan láìjẹ́ pé ó ti yẹ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ wò. Obìnrin náà ti ti ibi tó ti ń ránṣọ pa kó lè bá a jáde. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá, kò sì tíì rí ẹni gbọ́ ọ: ẹ̀rọ tó lè mú kí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán tóbi, kí ìyá ọkọ rẹ̀ lè máa ka ohun tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù.

Etí Ìyá ti di. Àìsàn kan ló bà á jẹ́, ọdún tí bàbá ọkọ kú gan-an. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí wọ́n bá ń wo fíìmù, ìyàwó ló ń jókòó ti Ìyá, tí yóò fi ẹnu ti etí òsì tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀, tí yóò máa pariwo: “Ó ní kó máa lọ. Ìyẹn ní òun ò lọ. Àbúrò rẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn.” Fínnífínní á ti ki íápíìsì bọ etí méjèèjì ní tiẹ̀, á nà gbalaja. Bí fíìmù bá máa fi parí, ohùn ìyàwó á ti ha, kò sì ní lè sọ bóyá fíìmù náà dùn àbí kò dùn. Ó fẹ́ jókòó wo fíìmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó panu mọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ṣé ẹ ní èyí tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń tóbi?” ó bi oníṣọ́ọ̀bù.

“Ó wà.” Inú ọkùnrin náà dùn pé ẹnì kan bi òun ní ìbéèrè tó ní ìdáhùn. “Àwo ló ń gbé ọ̀rọ̀ wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí lè fẹ̀ ẹ́. Àwọn yòókù kì í fẹ̀ ẹ́.”

“Àwòrán rẹ̀ ńkọ́?” Fínnífínní ní.

“Ó mọ́, sà. Kò kàn mọ́ tó ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ni.”

“Ṣé o rí nǹkan?” Fínnífínní yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ká wá torí ọ̀rọ̀ ra àwòrán tí kò dáa?”

“Ta ni yóò máa wá ròyìn àwòrán tó dáa náà sétí Ìyá? Ẹ̀yin?”

“Ìwọ kúkú mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ohun tó wá sí ìyàwó lẹ́nu kò ṣe é sọ níwájú àlejò.

Ìyá jókòó sórí àga oníke lẹ́nu ọ̀nà, àpamọ́wọ́ rẹ̀ lórí itan, ó ń wo ẹnu wọn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Jíjókòó sílé ló sú u tó fi tẹ̀ lé wọn. “Kí ni wọ́n ń jà lé lórí?” ó béèrè. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù kan.

“Wọn ò jà, mà,” ìyàwó pariwo.

“Wọ́n ń jà,” Ìyá ní.

Fínnífínní ki ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀. “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dán èyí tó ń fẹ ọ̀rọ̀ wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwo tiyín o. Àwo tí wọ́n fi ń polówó ọjà, kí ló máa ṣe é tí kò ní mọ́? Tèmi ni kí ẹ fi sí i.”

Ìyàwó rí páálí àwo náà. Fíìmù atukọ̀ tí wọ́n ti jọ wò nílé ni.

Ọdún tí bàbá kú, bí ẹnikẹ́ni bá ti kú nínú fíìmù, Ìyá á sunkún títí oúnjẹ ò fi ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ìgbà náà ni ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìtàn. Ẹni tó bá kú, á ní ó rìnrìn àjò. Opó tó ń ké, á ní ehín ló ń dùn ún. Ìyá á kí eléhín dídùn náà pẹ̀lẹ́, á sì jẹun yó. Ẹkún Ìyá ti dáwọ́ dúró tipẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ò mọ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà ṣíwọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo wàhálà ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tó ń fà kiri yìí, kò fìgbà kan rò ó pé àṣírí òun fúnra òun ni ọ̀rọ̀ náà máa tú.

“Dádì wọn, ẹ jẹ́ ká lo àwo mìíràn.”

“Kí ló ṣe èyí?”

“Àpá wà lára rẹ̀.”

“Lára àwo tèmi? Èmi tí mo ń fi aṣọ awò ojú nù ún?” Ó na àwo sí oníṣọ́ọ̀bù. “Ẹ sún un lọ síbi odò. Omi la fi ń mọ ẹ̀rọ tó dáa.”

Odò jáde. Ọ̀rọ̀ náà jáde lábẹ́ rẹ̀, ó fẹ̀ bíi pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá dìde lórí àga. Ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó rìn bọ̀, ó sì kà á sókè ketekete bó ṣe máa ń kàwé fún kíláàsì nígbà tó ṣì ń ṣe tíṣà:

“‘Wọ́n ti rí òkú ọkọ rẹ létí odò.’”

Obìnrin inú fíìmù wó lulẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá wò ó títí, ó wá yíjú sí ìyàwó.

“O ní ó lọ ṣiṣẹ́ lódìkejì odò.”

Ìyàwó yíjú sí oníṣọ́ọ̀bù.

“Mo tún bi ọ́ bóyá ó ti dé. O ní ó kọ lẹ́tà.”

Oníṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹ̀rọ kan tí kò ní eruku. Fínnífínní fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

“Mélòó ló ti kú,” Ìyá béèrè, “nínú gbogbo àwọn tí mò ń gbàdúrà àlọ-àbọ̀ fún?”

“Wọ́n pọ̀, mà.” Kò pariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá ti ń wo ẹnu rẹ̀.

“Mo sin ọkọ mi, mo sì dúró lórí ẹsẹ̀ mi. Ìwọ wá ń bá mi rún fíìmù bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ rún oúnjẹ.”

“Ẹ máa ń sunkún, mà. Ẹ kì í jẹun.”

“Kí n sunkún nígbà náà. Ojú mi ni.” Ó na ìka sí ẹ̀rọ náà. “Èyí ni kó o rà,” ó sọ fún ọmọ rẹ̀.

“Ìyá, àwòrán ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún...”

“Mi ò gbọ́,” Ìyá ní, ó sì jáde lọ dúró síta.

Èyí tí Ìyá yàn ni wọ́n rà. Títí ìrọ̀lẹ́ Sátidé fi dé, ìkíni nìkan ló ń kọjá láàárín Ìyá àti ìyàwó. Ìyá fúnra rẹ̀ ló mú rìmóòtù lọ́jọ́ náà. Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣàn, ó sì ní kí wọ́n fi fíìmù atukọ̀ sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó jókòó sí ìkangun àga gígùn lẹ́yìn, kò mọ ibi tí yóò gbé ẹnu rẹ̀ sí. Kò sí ariwo nílé mọ́, Fínnífínní ò ki nǹkan bọ etí.

“O rí omi yẹn?” Fínnífínní rọra ní. “Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ọ̀hún la rà ni...”

“Dádì wọn, ẹ jẹ́ n wò ó.”

Ó ń wò ó. Ó rí i pé atukọ̀ náà ń tiro díẹ̀. Ó rí i pé ìyàwó atukọ̀ ń dúró de ọkọ rẹ̀ lẹ́bàá odò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí kò sì ní sọ nǹkan kan bó bá dé, yóò kàn gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ariwo ni òun máa ń pa lásìkò yẹn. Nígbà tí ọkọ̀ máa fi dé láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀, omi ti kún ojú òun fúnra rẹ̀.

Ìyá dá fíìmù dúró. Ọ̀rọ̀ náà wà lójú tẹlifíṣàn, ẹni tó bá wà lójú pópó pàápàá lè kà á.

“Ìyàwó,” ó ní, kò wẹ̀yìn. “Kí ló ṣe atukọ̀?”

Fínnífínní wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó nu ojú, ó gbóhùn sókè kó lè dé ọ̀dọ̀ Ìyá.

“Ó kú, mà.”

Ìyá mi orí. “Ó mà ṣe o,” ó ní. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó sì tẹ rìmóòtù kí fíìmù máa lọ.