Ẹnu Ìyá Onídìrí àti Ọmọ Àṣá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Ìyá Onídìrí lè dákẹ́ fún wákàtí kan gbáko, irọ́ ló ń pa. Ọgbọ̀n ọdún ló fi dirun, orí tó sì dì láìsọ̀rọ̀ kò tó mẹ́ta. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ ní òun ò lè dúró mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀fẹ́ méjì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó máa ń lọ kí àwọn àgbàlagbà àdúgbò tí wọn ò lè jáde nílé mọ́. Lọ́jọ́ yòókù, ó wà ní ilé ìtọ́jú ẹyẹ tó wà lẹ́yìn ilé ìwé.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lára ilẹ̀kùn yàrá àwọn ẹyẹ igbó, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ MÁ SỌ̀RỌ̀. Ẹyẹ tí ohùn èèyàn bá ti mọ́ lára kò ṣeé dá sílẹ̀ mọ́. Àgbàlá èèyàn ni yóò máa bà sí, òkúta ni wọn yóò sì fi pa á. Inú àgò ni irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ń gbé títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ìyá Onídìrí mọ òfin yìí bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọmọ àṣá kan wá tó fara sọ gíláàsì fèrèsé, tí apá rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́. Nítorí ọwọ́ Ìyá tó yá, òun ni dókítà ẹyẹ ní kó máa pààrọ̀ báńdéèjì apá náà. Ó sì ń dun ẹyẹ yìí gan-an. Bẹ́ẹ̀, oníbàárà tí ìyàrun ń fa irun rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń tù ú nínú. Kí Ìyá tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti ṣí.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó kù díẹ̀. Ṣó o gbọ́ ohun tí aládùúgbò mi ṣe lánàá?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ro ẹjọ́ àdúgbò fún àṣá. Lọ́jọ́ Ajé, dókítà ní apá náà ti san, wọn yóò dá ẹyẹ náà sílẹ̀ ní Ọjọ́rú. Bí Ìyá bá jẹ́wọ́, àgò ni. Bó bá dákẹ́, òkúta ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó lọ́dọ̀ Bàbá Káfíńtà, ọ̀kan lára àwọn àgbàlagbà tó máa ń lọ kí, kò sọ nǹkan kan.

"Ìwọ lo dákẹ́ báyìí?" ni bàbá náà wí. "Ta ló kú?"

Ló bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Bàbá, ì bá ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ni. Ti ẹyẹ ni mo kó bá."

"Lọ sọ fún dókítà. Mo ti gé ẹsẹ̀ àga ṣì rí, mo sì dákẹ́. Ẹni tó rà á ló ṣubú."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó jẹ́wọ́. Dókítà ò pariwo, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

"Ẹ wọ inú àgò ńlá tí àṣá náà wà, Ìyá, kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe. Tó bá wá bá yín, kò lọ síbì kankan mọ́."

Ó wọlé.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó kù díẹ̀."

Àṣá náà ta gìrì. Ó fò lọ sókè pátápátá, ó ń ké bí ẹni rí ọ̀tá. Ìyá sún mọ́ ọn, ó sá lọ sí igun kejì.

"Ìgbà wo lẹ máa ń bá a sọ̀rọ̀ gan-an?" ni dókítà bi í.

"Tí mo bá ń pààrọ̀ báńdéèjì ni."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo sì ń fún un lẹ́ran látẹ̀yìn aṣọ ìkélé, mi ò sì lanu. Ìrora ló ń rántí tó bá ti gbọ́ ohùn yín! Kò ní sún mọ́ èèyàn láéláé. Ó kórìíra yín, Ìyá!"

Ara tu Ìyá Onídìrí pẹ̀sẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ̀ lẹ́rù. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀ rí tí inú rẹ̀ dùn tó báyìí.

Dókítà ṣí òkè àgò náà sílẹ̀. Àṣá wo ojú ọ̀run, ó wo ilẹ̀, kò mira.

"Ìyá," ni dókítà wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀."

"Ọmọ mi, má bà sí àgbàlá ẹnikẹ́ni o, tó o bá sì dé ọ̀hún..."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí àṣá náà fi na apá méjèèjì, tó gba orí òrùlé ilé ìwé kọjá lọ.