Ẹ̀yà Tí Tàjùdíìnì Yàn

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan ló já lé Tàjùdíìnì lẹ́sẹ̀ ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Accra, níbi tó ti ń ta àlòkù páàtì láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Dókítà ní kó jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta. Ọkùnrin tí kì í rójú jókòó wá di ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó ń kọjá lójúde wọn ní Nima.

Ọ̀rọ̀ náà ká ọmọ rẹ̀ obìnrin, Zuweira, lára. Àwòrán ni Zuweira ń yà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Adabraka, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán Sátidé, géèmù ló máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí èèyàn káàkiri ayé jọ ń ṣe pọ̀, tí wọ́n ń rìn nínú igbó, tí wọ́n ń bá ẹranko abàmì jà. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ síwájú bàbá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, ó ní kó yan ẹni tó fẹ́ jẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yà mẹ́rin ló wà: èèyàn, òmìrán, iwin elétí ṣóṣóró, àti aràrá onírùngbọ̀n tó ń rọ irin. Zuweira bẹ̀ ẹ́ pé kó mú iwin, torí iwin lòun náà, ìlú kan náà ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Tàjùdíìnì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi í léèrè èwo nínú wọn ni wọ́n máa ń lé nílùú.

Zuweira ní wọn kì í lé ẹnikẹ́ni. Ó mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni bàbá rẹ̀ lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba ní kí àlejò tí kò níwèé kúrò ní Ghana, tí àwọn òbí rẹ̀ sì kó wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Accra, Alata, ìyẹn àlejò láti Nàìjíríà, ni wọ́n ń pè é. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ Ghana. Nígbà tó dàgbà tó padà wá, ó tún di Alata.

“Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún mi,” ni Tàjùdíìnì wí. “Kò sẹ́ni tó bi mí rí.”

“Èmi ń bi yín, Bàbá. Ẹ mú èyí tó wù yín.”

Ó mú aràrá. Ó ní ẹni tó bá mọ irin lẹni òun. Yíyan irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan gbà á tó wákàtí kan.

Ẹ̀yìn òkè ni ìlú àwọn aràrá wà, ó sì jìnnà sí ti iwin. Zuweira kìlọ̀ fún un pé kó má kúrò ní bodè, pé ìkookò pọ̀ lọ́nà, òun ń bọ̀ wá bá a. Ó jókòó tì í pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀sán méjì ni ìrìn náà gbà.

Lọ́sàn-án kejì, ara Tàjùdíìnì ò gbà á mọ́. Ó jáde. Ìkookò pa á lẹ́ẹ̀mẹta. Géèmù ń jí i padà sí bodè, ó sì ń tún jáde. Zuweira dé orí afárá, ló bá rí aràrá kúkúrú kan tó ń sáré bọ̀, ìkookò méjì ń lé e. Ó ta wọ́n lọ́fà.

“Bàbá, mo ní kẹ́ ẹ dúró.”

“Ọmọ mi ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, kí n wá jókòó?”

Zuweira rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó gbórí lé èjìká bàbá rẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà san, Tàjùdíìnì sì padà sẹ́nu òwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, bó bá ti kírun Alaasari tán, òun ló máa ń pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ ń ṣú. Ọ̀nà ìlú àwọn òmìrán ni wọ́n wà báyìí.