Ẹni Tó Ń Tún Pọ́ǹpù Ṣe

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Ọ̀gbẹ́ni Iṣẹ́olúwa, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ láti ilé-iṣẹ́ omi, gbé ọwọ́ lé orí pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ogún ọkùnrin tó ti abúlé oríṣiríṣi wá yíjú sí Akíntáyọ̀, ọ̀kan nínú wọn.

Ohun tí Akíntáyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kò sí nínú ìwé tí wọ́n pín fún wọn. Ó ní kí wọ́n má tíì fọwọ́ kan sípánà. Kí wọ́n fi pọ́ǹpù sílẹ̀ fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa fa ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì máa ka iye ìgbà tí wọ́n fà á kí omi tó yọ. Bí omi bá pẹ́ kó tó yọjú, ìdérí ìsàlẹ̀ páìpù, tó ń dá omi dúró, ló ń jò. Omi inú páìpù ti sọ̀ padà sínú kànga. Bí omi bá tètè dé, àmọ́ tó ń ṣe tín-ín-rín bí ìtọ̀ ewúrẹ́, awọ inú rẹ̀ tó ń fa omi sókè ló ti gbó. Ẹ̀gbẹ́ awọ náà ni omi ń gbà sá lọ.

"Èmi ni mo wádìí rẹ̀ fúnra mi, sà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. 

Ìyá Mahfuz ló wádìí rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin náà ti ń tún pọ́ǹpù abúlé wọn lẹ́yìn Ìjàyè ṣe, òun ló sì kọ́ Akíntáyọ̀ láti ìgbà tí kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú. Nígbà tí lẹ́tà dé láti ilé-iṣẹ́ omi pé kí wọ́n rán ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe wá, kó lè di olùkọ́ fún abúlé mẹ́rin, Akíntáyọ̀ ló kà á fún Baálẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. "Ọkùnrin tàbí obìnrin," ni lẹ́tà wí.

"Kí obìnrin máa kọ́ ọkùnrin ní odindi abúlé mẹ́rin?" Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Wọn ò ní fi wá ṣẹ̀sín bí? Akin, ìwọ ni kó o lọ. Wá nǹkan sọ fún Ìyá Mahfuz."

Nǹkan tí Akíntáyọ̀ wá sọ fún un ni pé ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí girama nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Obìnrin náà fèsì:

"Ó dáa. Ohun tó jẹ́ tìrẹ, tiwa náà ni. Lọ, ọmọ mi."

Nígbà tí Akíntáyọ̀ délé pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi yàn án ní olùkọ́, Ìyá Mahfuz àti ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti ń dúró dè é lẹ́bàá pọ́ǹpù.

"Tíṣà wa dé o!" Ìyá Mahfuz kígbe. "Zubaidah, dìde, kí tíṣà rí ibi jókòó. O ò ní wọlé lónìí láìjẹ́ pé o kọ́ wa. Kí ni wọ́n sọ níbẹ̀?"

 Kí Akíntáyọ̀ tó mọ̀, ohun kan ṣoṣo tó gbọ́n jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀: ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀ fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà ẹ máa fà á, ẹ sì máa ka iye ìgbà.

Ìyá Mahfuz fò sókè.

"Háà! Bí mo ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ gbọ́? Alihamudulilahi! Ẹ̀rù ti ń bà mí tipẹ́ pé bóyá àìmọ̀kan ni mo fi ń kọ́ yín. Akin, níbo ni wọ́n ti rí i?"

"Ó… ó wà nínú ìwé wọn, màámi."

"Ó wà nínú ìwé!" Omi lé ròrò sí i lójú. "Zubaidah, ṣí ojú ewé tuntun. Kọ orúkọ Tíṣà Akíntáyọ̀ sí òkè pátápátá, kí ẹ má baà gbàgbé ẹni tó mú un wá fún wa."

Ọmọ náà tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí itan, ó gbé bírò sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pe lẹ́tà rẹ̀ fún mi."

Akíntáyọ̀ pe lẹ́tà orúkọ rẹ̀ fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kọ ọ́ tán.