Ìyá Aránṣọ Ń Ṣeré Lódò

Ogójì ọdún gbáko ni Ìyá Aránṣọ fi jókòó nídìí ẹ̀rọ, tó kọ ẹ̀yìn sí odò. Ìpẹ̀kun òpópónà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Fèrèsé ẹ̀yìn ṣí sí odò náà gan-an, odò tó fẹ̀ débi pé ẹni tó bá dúró ní ìhà kejì kò ju èèrà lọ lójú. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ariwo àwọn tó wá ṣeré: àwọn tó ń bẹ́ sómi láti orí àpáta, àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje, àwọn tó ju ìwọ̀ sómi tí wọ́n wá ń purọ́ fúnra wọn nípa ẹja tó já bọ́. Ó rán aṣọ fún gbogbo wọn. Omi ọ̀hún kò tíì kọjá ọrùn ẹsẹ̀ tirẹ̀ rí.

Ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló máa ń sọ pé obìnrin ilé kì í lọ ta ara nù nínú omi ìta. Ìyá Aránṣọ gbọ́ràn. Lẹ́yìn tí ọkọ lọ tán ni orúnkún rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ẹ̀rọ tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ló bà á jẹ́. Dókítà ní kó máa rìn nínú omi. Bó ṣe di ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta tó kọ́kọ́ wọ odò dé ìbàdí nìyẹn, tó di ọwọ́ atukọ̀ kan mú gírígírí, obìnrin kan tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò kọjá, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹja-ńlá.

"Ẹ tú ara sílẹ̀, Ìyá," ni Ẹja-ńlá wí. "Ẹni tó bá ń bá omi jà, omi kì í gbé e léfòó."

"Mi ò bá a jà. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ọ̀kan náà ni."

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, orúnkún ti dákẹ́. Ìyá Aránṣọ kò dákẹ́ ní tiẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi bí ẹni tó sùn sórí ẹní. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, ẹ̀rín pa á títí omi fi wọ̀ ọ́ nímú. Ó gé aṣọ pupa kan tó ń fà, ó rán ẹ̀wù odò fún ara rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí aago mẹ́rin bá ti lù lọ́jọ́ Jímọ̀, ó di kí ó ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni, Alága sì ni ẹbí ń pè é, nítorí kò sí ìpàdé tí kì í darí. Ó pe ìpàdé kan sí pálọ̀ rẹ̀. Ìyá Aránṣọ wá, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

"Mo gbọ́ pé ìwọ àtàwọn ọmọ ọlọ́mọ lẹ jọ ń ta omi síra yín lójú," ni Alága wí. "Wọ́n ní aṣọ pupa ló wà lọ́rùn ẹ, pé ó lẹ̀ mọ́ ọ lára."

"Pupa ni lóòótọ́. Òwú ìlọ́po méjì ni mo fi rán an, kì í tú."

"Ṣé mo bi ẹ́ léèrè òwú ni? Àṣejù ni baba àṣetẹ́ o!"

Ọmọ rẹ̀ sáré bọ́ sáàrin. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ló ní kí Màámi máa wọ omi, nítorí orúnkún."

Ojú Alága tú ká. Ó fẹ̀yìn ti àga. "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Tó bá jẹ́ ti ìwòsàn, a lè fọwọ́ sí i. Kí dókítà kọ ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní kùtùkùtù, kó wọ aṣọ dúdú, kó má sì kọjá ibi tómi ti dé orúnkún."

Ilẹ̀kùn ti ṣí. Kó sáà mi orí pé òun gbà ló kù. Ọmọ rẹ̀ ń fojú bẹ̀ ẹ́ pé kó mi ín. Ìyá Aránṣọ wo orúnkún náà, ó rí i pé òun kò lè máa fi í ṣe àwáwí mọ́.

"Orúnkún mi ti san tipẹ́," ló wí. "Nítorí pé ó dùn mọ́ mi ni mo ṣe ń lọ."

"Ó dùn mọ́ ẹ?" Bí ẹni tó ń dárúkọ olè ni Alága ṣe sọ ọ́.

"Ó dùn mọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi. Fàájì ni. Ogójì ọdún ni mo fi ń rán aṣọ fàájì fún ará ayé, ẹ ò pèpàdé lé wọn lórí. Ní Sátidé, màá lúwẹ̀ẹ́ dé orí iyanrìn àárín odò. Ẹ wá wòran."

"O ò ní lọ!"

"Ó dàárọ̀ o." Ó gbé báàgì rẹ̀.

Ní ìta ni ọmọ rẹ̀ ti lé e bá. "Màámi, ẹ ò bá kàn mirí!"

"Bí mo bá mirí lónìí, wọ́n á bi mí lọ́la pé ta ló fún mi láṣẹ láti rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà. Wá bá mi di aṣọ ìnura mú lọ́jọ́ náà."

Nígbà tí Alága fi máa dé etí odò ní Sátidé, tòun ti bàtà dídán àti agbòjò, àbúrò rẹ̀ ti wà nínú omi dé àyà. Ó pariwo títí, Ìyá Aránṣọ ń lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ló bá kó sínú ọkọ̀ tí Ẹja-ńlá fẹ́ fi tẹ̀ lé obìnrin náà, ó ní òun máa lọ fà á jáde. Ọkùnrin tí kò wọ ọkọ̀ rí láyé rẹ̀ nìyẹn o.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ni Ẹja-ńlá wí. "Tẹ́ ẹ bá dìde báyìí, ẹ̀yin náà máa lúwẹ̀ẹ́."

Ó jókòó bí ẹní jókòó sórí ẹyin.

Wọ́n dé agbede méjì, níbi tí ìṣàn ti le. Lójijì, iṣan ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ dì bíi kókó. Ó mu omi. Ní etídò, ọmọ rẹ̀ ké. Alága na ọwọ́ jáde láti inú ọkọ̀. "Dì mí mú! Ó tó! Wọ́n ti rí ẹ!"

Ọwọ́ náà kò ju ìwọ̀n apá kan sí i. Ìyá Aránṣọ yí ara padà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí omi, ó na ẹsẹ̀ náà gbọọrọ, ó ń mí. Ojú ọ̀run nìkan ló ń wò. Díẹ̀díẹ̀, iṣan náà tú.

"Ẹ bá mi sún ọkọ̀ yẹn sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ẹ ń dí mi lọ́nà."

Ẹja-ńlá sún un sẹ́yìn, kò dúró gbọ́ àṣẹ Alága.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan iyanrìn, ó rá kòrò gòkè, ó sùn gbalaja. Ariwo gba etídò kan. Alága wà nínú ọkọ̀, omi ti wọ bàtà rẹ̀. Ó na ọrùn wo àbúrò rẹ̀.

"Ṣé omi ọ̀hún tutù?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó wo omi, kò fọwọ́ kàn án. "Ó dáa. Wọlé síbí ká máa lọ. O ti ṣe é, gbogbo wa ti rí i."

Ìyá Aránṣọ dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò nídìí aṣọ. "Ẹ máa ṣíwájú," ló wí, ó sì tún bẹ́ sódò.