Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lórí Ìṣó

Ibùdókọ̀ méjì ló kù kí tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí Hanne ń wà, dé òpin ọ̀nà nígbà tí ara rẹ̀ kọ̀ fún un. Ó há itan pọ̀, ó ń bẹ àpò ìtọ̀ rẹ̀ bí ìyá tí ń bẹ ọmọ tó ń ké. Bí oníkẹ̀kẹ́ kan ṣe já sójú ọ̀nà báyìí, tí Hanne tẹ bíréèkì, ẹ̀bẹ̀ parí. Ìtọ̀ gbígbóná ṣàn dé inú bàtà.

Nígbà tó dé òpin ọ̀nà, àwọn èrò bọ́ sínú òjò ìlú Ghent, ní Belgium, láìwojú rẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè dìde. Ọmọ ọdún méjìlélógójì, tó ti ń wakọ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógún, ló tọ̀ sára lórí iṣẹ́. Ikú yá ju ẹ̀sín, ohun tó ń rò nìyẹn. Ìgò omi tó gbé wá láàárọ̀ ṣì kún. Ó ṣí i, ó dà á sórí itan.

Ọkùnrin ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i. Láti oṣù méje tó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tí ń mú ara rẹ̀ bá obìnrin tó mọ̀ pé òun jẹ́ mu, ìtọ̀ ò jẹ́ kó gbádùn. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé oògùn náà máa ń mú kí èèyàn tọ̀ léraléra, pé kó mu omi dáadáa, kó má sì mú ìtọ̀ mọ́ra, torí ìyẹn ló ń dá àrùn sílẹ̀. Hanne ní òun ti gbọ́, ó dé ilé, ó dín omi kù. Àrùn náà ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tó ní kí wọ́n máa pe òun ní Hanne níbi iṣẹ́ ló ti dá kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ ọkùnrin padà. Ti obìnrin, ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti béèrè.

Godelieve, awakọ̀ obìnrin tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọlé. Ọdún kan ló kù fún un kó fẹ̀yìn tì.

“Omi ló dà sí mi lára, ẹ̀gbọ́n.”

Godelieve fọwọ́ kan àga. “Omi ìgò rẹ mà gbóná o.”

Hanne bú sẹ́kún. Godelieve bọ́ kóòtù òjò rẹ̀, ó fi wé e nídìí.

“Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ kẹta, èmi náà tọ̀ sórí irú àga yìí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o kì í lo ilé ìtọ̀?”

“Mi ò ní kọ́kọ́rọ́.”

Godelieve fà á dìde. “Tẹ̀ lé mi.”

Pátákó méjì tí wọ́n ń kọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ sí ló wà nínú yàrá ìsinmi àwọn awakọ̀: ti ọkùnrin lápá òsì, ti obìnrin lápá ọ̀tún. Hanne kì í wo apá ọ̀tún, bí àlejò kì í ti í yọjú wo yàrá onílé. Láàárín orúkọ Greet àti ti Ilse, àwọn awakọ̀ obìnrin ẹgbẹ́ wọn, ìṣó kan wà tí wọ́n kọ HANNE sí lókè. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí rẹ̀, òwú pupa wà lára kọ́kọ́rọ́, eruku sì ti bo méjèèjì.

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ tó o sọ orúkọ rẹ fún wa. A retí rẹ títí. Nígbà tó yá, a ní bóyá lójú tìrẹ, ilé ìtọ̀ wa ò tó ohun tí o lè lò ni. Greet ṣì ń bínú.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi.”

“Ta ní ń ránṣẹ́ pe àgbàlagbà pé kó wá tọ̀?”

Ojú tún ti Hanne, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ṣòkòtò tó tutù mọ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà. Ojú ibi tí kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ sí ṣì funfun lára pátákó.

Ó wọ ilé ìtọ̀ obìnrin, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó. Níta, ó gbọ́ tí ẹ̀rọ omi ń dà. Godelieve ń pọn omi sínú ìgò Hanne tó ti ṣófo.